Ọgbà Martin Luther King ní Atlanta: ọ̀fẹ́ ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bọ́ọ̀sì sáré gbé yín kọjá níbẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún ibí yìí o, mi ò sì yọ ìkankan nínú ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tàwọn tó gba dọ́là lọ́wọ́ mi lórí ẹ̀ ná, torí bí mi ò bá sọ ọ́ jáde, oúnjẹ tí mo jẹ lónìí ò ní dà.

Màámi ló wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun láti Ògbómọ̀ṣọ́. Oṣù méjì àbọ̀ gbáko, inú ilé ni wọ́n wà, àfi ṣọ́ọ̀ṣì àti ibi tá a ti ń ra ẹran ewúrẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ní "Àjọkẹ́, ṣé ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran yìí náà ni Amẹ́ríkà parí sí ni?" Ojú tì mí kọjá sísọ. Ló bá di pé mo gbé fóònù, mo wá àwọn tó ń fi bọ́ọ̀sì kékeré gbé àlejò kiri ìlú, mo sanwó èèyàn mẹ́ta, èmi, màámi àti ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 11, owó yẹn tó ra àpò ìrẹsì méjì ká sì tún rí ṣéńjì gbà. Mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n mọ ara wọn.

Ọmọkùnrin tó yẹ kó máa ṣàlàyé fún wa, ó gbá máìkì mọ́ ẹnu bí ẹni ń jẹ àgbàdo, ó wá ń ka ọ̀rọ̀ jáde látinú fóònù ẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé pélébé tí wọ́n ń ká sínú páálí oògùn. Kò gbójú sókè wo ẹnì kankan. Ilé tí wọ́n bí Martin Luther King sí nìyẹn, ó kà á. Ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ nìyẹn, ó kà á. King tó ń sọ ìtàn ẹ̀ yìí, pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn ẹ̀, ẹnu ló fi mi odindi Amẹ́ríkà tìtì, ohùn tòun fúnra ẹ̀ wá dà bí ẹ̀kọ tó ti sùn. Ó ní ogún ìṣẹ́jú la ní níbẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú kẹ̀! Kí màámi tó sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n tún gèlè wé, márùn-ún ti bá a lọ. Nígbà tá a padà sínú bọ́ọ̀sì, màámi kàn wò ó títí, wọ́n ní "Ọmọ yìí ò gba ohun tó ń sọ gbọ́." Ọdún 32 ni wọ́n fi ṣe tíṣà, wọn kì í ṣi èèyàn wò tó bá dọ̀rọ̀ kí èèyàn dúró síwájú kó sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Tuesday tó tẹ̀ lé e la fi mọ́tò ara wa padà lọ, ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé owó yẹn, mo kàn jù ú sómi ni. Ọ̀fẹ́ ni! Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ń bójú tó ọgbà náà, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní tíkẹ́ẹ̀tì, ibi tẹ́ ẹ máa gbé mọ́tò sí lọ́wọ́ ẹ̀yìn, lójú títì John Wesley Dobbs, ọ̀fẹ́ lòun náà. Auburn Avenue ni gbogbo ẹ̀ wà, ilé tí wọ́n bí i sí lọ́dún 1929, ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀, sàréè ẹ̀, èèyàn á fẹsẹ̀ rìn ín já láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ronú ẹ̀ wò o, ibi tí wọ́n bí èèyàn sí, ibi tó ti wàásù àti ibi tí wọ́n sin ín sí, títì kan ṣoṣo. Wọ́n ti ilé náà fún àtúnṣe lákòókò tá a lọ, ìta la ti wò ó, ilé onípákó kan báyìí tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀, torí mi ò torí ilé lọ.

Ìmọ̀ràn mi ni pé ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo àlejò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Ebenezer àtijọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọrí sí, oníbíríkì pupa yẹn, kì í ṣe tuntun tó wà lódìkejì títì níbi tí wọ́n ti ń jọ́sìn báyìí, tí pásítọ̀ ibẹ̀, Raphael Warnock, tún jẹ́ sẹ́nétọ̀. Èyí àtijọ́, wọ́n ti tún un ṣe kó rí bó ṣe rí láàárín 1960 sí 1968, nígbà tí King àti bàbá ẹ̀ jọ ń ṣe pásítọ̀ níbẹ̀. Ẹ máa wọlé, ẹ máa jókòó sórí àga gígùn, ohùn á máa jáde látinú sípíkà, ohùn King fúnra ẹ̀, ìwàásù tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ó tán. Ẹ̀ẹ́ jókòó, ẹ̀ẹ́ gbọ́. Àwọn kan wọlé, wọ́n ya fọ́tò mẹ́ta, wọ́n jáde, àánú wọn ṣe mí.

Bí màámi ṣe rí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ní "Ẹ̀n-ẹ́n, àwa náà ní tiwa l'Ékòó." Mo rò pé orúkọ lásán ni wọ́n ń bá wí, àṣé ìtàn wà nídìí ẹ̀, torí ọmọ Onítẹ̀bọmi paraku ni wọ́n, ìtàn ìjọ wà lórí ahọ́n wọn. Lọ́dún 1888, àwọn ọmọ ìjọ kan l'Ékòó bínú kúrò lábẹ́ àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ará Amẹ́ríkà, ojú tí wọ́n fi ń wo èèyàn dúdú ti sú wọn, wọ́n dá Native Baptist Church tiwọn sílẹ̀, ìyẹn náà ló di Ebenezer. Mojola Agbebi wà nínú wọn, ẹni tó ń jẹ́ David Brown Vincent kó tó bọ́ orúkọ òyìnbó dànù bí ẹni bọ́ ẹ̀wù tí ò bá a mu, tó sì dé London lọ́dún 1911 níbi ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà gbogbo láyé, tó gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa kalẹ̀ síwájú wọn. Ebenezer ti Atlanta yìí, 1886 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọdún méjì ló fi ju tiwa lọ. Mi ò sọ pé ìkan mọ ìkejì o, mo kàn ń sọ pé ìyà tó ń jẹ ojú ló ń jẹ imú, ó sì jọ pé ibi kan náà làwọn méjèèjì sá sí, ibi tí èèyàn dúdú ti lè dúró lórí àga ìwàásù kó sọ̀rọ̀ délẹ̀ láìsí òyìnbó tó máa ní kó jókòó.

Ìwàásù tó ń lọ lọ́wọ́ nígbà tá a wọlé, inú ilé yẹn gan-an ni King ti wàásù ẹ̀, 4 oṣù kejì ọdún 1968. Jákọ́bù àti Jòhánù tó fẹ́ jókòó lápá ọ̀tún àti lápá òsì Jésù ló fi bẹ̀rẹ̀, màámi mọ ibẹ̀ látinú Máàkù, nítorí náà bí ohùn òyìnbó ẹ̀ ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ yé wọn, wọ́n ti mọ ọ̀nà tó ń tọ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò yára rárá. Ó ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa okùn kànga, díẹ̀díẹ̀, ó tiẹ̀ ń dẹ́rìn-ín pa wọ́n, ó ń bú àwọn tó ń gun mọ́tò tó ju owó oṣù wọn lọ (ẹ̀rín pa mí, mo rántí ẹnì kan nínú ilé wa). Àfi ìgbà tó yà sọ́rọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó ní nígbà tóun wà lẹ́wọ̀n ní Birmingham, àwọn wọ́dà òyìnbó máa ń wá bá òun jiyàn pé ó dáa bí wọ́n ṣe ya dúdú àti funfun sọ́tọ̀, òun náà sì ń dá wọn lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́, títí tí wọ́n fi sọ iye tí wọ́n ń gbà lóṣù fóun, ló bá sọ fún wọn pé ó yẹ kẹ́yin náà máa bá wa wọ́de, ìṣẹ́ tó ń ṣẹ́ wa náà ló ń ṣẹ́ yín, awọ funfun yẹn nìkan lẹ ní. Ẹ wo ibi tó gbé e gbà! Ọkùnrin tó wà ní àtìmọ́lé ló ń káàánú ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú. Kò pariwo, kò ṣépè. Mo ti rí àwọn tó fi gbogbo ohùn wọn pariwo lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí ẹnikẹ́ni ò rántí ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ kejì.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí jù ni ti àwọn èèyàn inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Máìkì gbà wọ́n mọ́ ọn. King á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á dánu dúró, wọ́n á gbè é. Á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, á gùn díẹ̀, wọ́n á tún gbè é, tiwọn náà á gùn. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn onílù rí á mọ ohun tí mò ń wí, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ yọ omele kúrò kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe máa rí. Màámi kọ́kọ́ jókòó wọ́n ká ọwọ́ lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá mo gbọ́ "Hùn." Ó tún pẹ́ díẹ̀, "Máa wí." Nígbà tí ohùn yẹn gùn ún gan-an, wọ́n ti gbàgbé ibi tí wọ́n wà, "Òótọ́ ni, ọmọ mi, òótọ́ ni," lóhùn òkè. Ọmọ mi fẹ́ wọnú ilẹ̀ lọ, àwọn òyìnbó méjì yíjú padà, ó ń ṣe èmi náà bíi kí n fọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu. Àmọ́ màmá aláwọ̀ dúdú kan báyìí tó jókòó sí àga kejì síwájú wa, orí ẹ̀ funfun báláú, ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀. Ó ń dáhùn lédè tiẹ̀, màámi ń dáhùn lédè Yorùbá, ọkùnrin tó ti kú láti ọdún 1968 ń sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì ń gbè é. Kò sẹ́ni tó rí ìkejì rí. Lójú tèmi, iye tí mo san fún bọ́ọ̀sì rádaràda yẹn, bí wọ́n bá ní kí n san án lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí n tún lè rí ìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, màá san án.

Ìparí ìwàásù náà ló mú kí ṣọ́ọ̀ṣì pa lọ́lọ́. Ó ní nígbà míì òun máa ń ro ìsìnkú òun. Kí ẹni tó bá máa sọ̀rọ̀ má jẹ́ kó gùn, kó má sọ pé òun gba ẹ̀bùn Nobel, kó ṣáà sọ pé òun gbìyànjú láti fún ẹni tébi ń pa lóúnjẹ, pé òun fẹ́ràn èèyàn. Oṣù méjì géérégé lẹ́yìn ẹ̀, 4 oṣù kẹrin, wọ́n yìnbọn pa á ní Memphis. Ìyàwó ẹ̀, Coretta, ní kí wọ́n gbé ohùn yẹn sí i níbi ìsìnkú, 9 oṣù kẹrin, nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà, òkú ń sìnkú ara ẹ̀. Màámi yọ gèlè, wọ́n fi nu ojú. Kí n tó mẹ́nu kúrò níbẹ̀, ìyá King náà, Alberta, ibẹ̀ ni wọ́n ti pa á lọ́dún 1974, ó jókòó sídìí dùùrù ní ọjọ́ Sunday, ẹnì kan dìde ó yìnbọn. Mi ò sọ ọ́ fún màámi títí tá a fi délé, torí màámi náà ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bá a ṣe ń jáde, ọmọ mi ní "Mummy, ṣé ó ń kà á ni àbí ó ń sọ ọ́ látorí?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó jù tèmi lọ. Mo wá ń ṣàlàyé ti ìwọ́de Washington fún un, 28 oṣù kẹjọ ọdún 1963, èèyàn tó tó 250,000 lórí pápá. Gbogbo yín lẹ mọ gbólóhùn àlá yẹn, "Mo ní àlá kan", ẹ ò kúkú mọ̀ pé kò sí nínú ohun tó kọ wá. Ìwé ló ń kà. Ó ń kà á lọ jẹ́ẹ́, ó dáa, kò burú, àmọ́ kò tíì gbiná. Mahalia Jackson, olórin ẹ̀mí, jókòó sítòsí, ló bá pariwo sí i pé kó sọ tàlá yẹn fún wọn, torí ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ níbòmíì rí. King ti ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń pè títí dòní ṣe jáde, ẹ̀yìn ló ti wá, ẹni tó ń gbè é ló rán an níṣẹ́. Ìwé tó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, ọmọkùnrin kan tó ń ṣọ́ orí pèpéle, George Raveling, ló ní kó fóun, ó sì fún un.

Ohun míì táwọn èèyàn kì í sọ, Bayard Rustin tó ṣètò ọjọ́ náà fi dandan lé e pé sípíkà olówó ńlá ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò, ó ní bí ará ẹ̀yìn ò bá gbọ́ ohun tó ń lọ níwájú, ìdàrúdàpọ̀ dé nìyẹn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, ẹnì kan ti lọ ba ẹ̀rọ náà jẹ́, àwọn sójà ni ìjọba rán wá tún un ṣe. Ẹni tó lọ bà á jẹ́ yẹn, ó mọ ibi tí agbára wọn wà. (Àwa náà tá à ń náwó sórí sípíkà òde àríyá, ẹni tó bá mú máìkì ibẹ̀, orúkọ àwọn tó ná owó nìkan ló ń pè.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Georgia ńkọ́, ẹ mọ Stone Mountain. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá létí ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, àpáta ńlá bí Olúmọ, wọ́n gbẹ́ àwòrán àwọn aṣáájú Confederate mẹ́ta sára ẹ̀, àwọn tó jagun torí kí aláwọ̀ dúdú lè máa ṣẹrú lọ. Orí òkè yẹn ni wọ́n ti jí ẹgbẹ́ Ku Klux Klan, àwọn òyìnbó tó ń fìyà jẹ aláwọ̀ dúdú, dìde lọ́dún 1915. Nígbà tí King dé ìparí ọ̀rọ̀ ní Washington, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe òkè lórúkọ, kí òmìnira dún bí agogo lórí tibí, kó dún lórí tọ̀hún, New Hampshire, New York, Pennsylvania, Colorado, California, àwọn ibi tí kò dun ẹnikẹ́ni láti pàtẹ́wọ́ fún. Ló bá yà bìrí. Ó ní kò tíì tán. Ó pe Stone Mountain ti Georgia! Ó pe Lookout ti Tennessee, ó pe gbogbo òkìtì inú Mississippi. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ki èèyàn á mọ ohun tó ṣe níbẹ̀ yẹn. Oríkì kì í ṣe ìyìn nìkan, akígbe gidi á kì ọ́ kì ọ́ tí orí ẹ á wú, ìgbà tí orí ẹ bá wú tán ni á fa ohun tí bàbá ẹ ṣe tí ẹ ò sọ ní ilé yọ. Ọdún 1972 ni wọ́n tiẹ̀ tó parí gbígbẹ́ àwòrán ọ̀hún, lẹ́yìn tó ti kú. Látọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn délẹ̀, mi ò lè kọjá níbẹ̀ kí n má ròó.

Obìnrin òṣìṣẹ́ ọgbà kan, àwọn tó máa ń dé fìlà ẹlẹ́tí fífẹ̀ yẹn, òun ló wá mú inú màámi dùn jù lọ. Kò ka nǹkan kan, ó wo èèyàn lójú, ó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ó bi ọmọ mi pé máàkì wo ló rò pé King gbà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ láàárín èrò nílé ẹ̀kọ́ pásítọ̀. Ọmọ mi ní A. Ó ní rárá o, C ni, ní Crozer, ní Pennsylvania. Mo túmọ̀ ẹ̀ fún màámi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. "Tíṣà wo nìyẹn?" Lẹ́yìn náà wọ́n kàn dákẹ́, wọ́n ní "Èmi náà á ti ṣe é fẹ́nì kan rí." Mi ò béèrè ta ni.

Obìnrin yẹn náà ló sọ ti ọdún 1944 fún wa. King ò ju ọmọ ọdún 15 lọ, òun àti tíṣà ẹ̀ lọ sí ìlú Dublin ní Georgia yìí, ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ, orí òfin Amẹ́ríkà àti aláwọ̀ dúdú ló ti sọ̀rọ̀, King fúnra ẹ̀ sì ní òun mókè. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nílé, òyìnbó wọ bọ́ọ̀sì, dírẹ́bà ní kí wọ́n dìde fún wọn, ó ń bú wọn. Wọ́n dúró lórí ìrìn títí wọ́n fi dé Atlanta. Ó sọ nígbà tó dàgbà pé òun ò bínú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Ẹ má bínú, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu ṣe ìdíje lórí òfin ìlú, òfin ìlú yẹn náà ló ní kó dìde lórí àga!

Nínú ilé tí wọ́n ti ń gba àlejò ní ọgbà náà, ibì kan wà tí wọ́n to ère èèyàn sí, tọkùnrin tobìnrin, tàgbà tèwe, gbogbo wọn ń rìn gòkè, gíga wọn ò ju tiwa lọ, ẹ lè bọ́ sáàárín wọn kẹ́ ẹ máa bá wọn rìn. Ibẹ̀ ni mo ti wá rí ìdáhùn sí ohun tó ń dá mi láàmú látìgbà tá a ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì, torí mo ti ń bẹ̀rù pé ẹnu nìkan la wá yìn. Lọ́dún 1955 ní Montgomery, ọjọ́ àkọ́kọ́ táwọn aláwọ̀ dúdú kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì torí irú ìyà ìjókòó yẹn, wọ́n ní kí King wá sọ̀rọ̀ lálẹ́, ọmọ ọdún 26, ogún ìṣẹ́jú péré ló rí láti ronú ohun tó máa sọ. Ó sọ fún wọn pé ó ní ìgbà kan tó máa ń rẹ èèyàn kí wọ́n máa fẹsẹ̀ irin tẹ òun mọ́lẹ̀. Ó jókòó. Wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn fún 381 ọjọ́! Àwọn ìyá tó ń fọṣọ fún òyìnbó, àwọn bàbá tó ń gbálẹ̀, nínú òjò. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mélòó kan ló tì wọ́n, ẹsẹ̀ wọn ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà di òótọ́. Kẹ̀kẹ́ onígi tí ìbaaka méjì fi fa òkú ẹ̀ náà wà níbẹ̀, ẹ dúró tì í díẹ̀.

Sàréè ẹ̀ wà lórí omi, òun àti Coretta jọ sùn síbẹ̀, iná kan ń jó níwájú wọn tí kì í kú. Màámi dúró, wọ́n sọ fún King pé ẹ dé ọ̀dọ̀ wa o, òótọ́ sì ni, torí King wá sí Èkó ní oṣù kọkànlá ọdún 1960 nígbà tí wọ́n ń fi Azikiwe jẹ gómìnà àgbà.

Nínú mọ́tò ni mo ti sọ ti Fannie Lou Hamer fún wọn, torí mi ò fẹ́ kí ọmọ mi rò pé ọkùnrin tó wọ kóòtù nìkan ló lẹ́nu. Ọmọ ogún nínú ilé wọn, òun làbíkẹ́yìn, òwú ni wọ́n ń ká ní Mississippi, ilé ìwé ẹ̀ ò lọ jìnnà. 22 oṣù kẹjọ ọdún 1964, ó jókòó síwájú àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ní Atlantic City, ó ń sọ bí wọ́n ṣe lù ú lẹ́wọ̀n torí pé ó fẹ́ dìbò. Ààrẹ Johnson gbọ́, ẹ̀rù bà á, òun náà sáré pe àwọn oníròyìn kí tẹlifíṣọ̀n lè yà kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Wọ́n yà lóòótọ́. Lálẹ́, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ obìnrin náà jáde, ìgbà táwọn èèyàn tó ti ibi iṣẹ́ dé pọ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n jù lọ. Màámi ní "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ẹ gbé omi àti oúnjẹ dání o. Ibi tá a lọ jẹun lẹ́yìn ẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ẹja tútù ni wọ́n gbé fún wa, ìyọ̀ wà nínú ẹ̀ bí òkun. Ẹ tún wọ bàtà pẹlẹbẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀tì níta dá yín dúró, gbólóhùn àlá kan ṣoṣo yẹn náà ni wọ́n ń kọ sára gbogbo ẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ ohùn nínú yàrá màámi, mo rò pé wọ́n ń gbàdúrà. Fóònù ni wọ́n gbé sẹ́nu, wọ́n ń wàásù King sórí WhatsApp W.M.U., ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Onítẹ̀bọmi wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, Jákọ́bù àti Jòhánù, wọ́dà tó tòṣì, ìsìnkú tí ò gbọ́dọ̀ gùn, wọ́n ń dánu dúró níbi tó ti dánu dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Nígbà tílẹ̀ mọ́, fóònù náà ń dún lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ní kí n wá bá wọn fi sí ketekete. Mo tẹ ìkan. Ìyá kan ló kàn ń sọ pé "Hùn. Hùn. Màmá, ẹ máa wí."